Àgbà Tí Ń Ṣarán Àti Ẹni Tí Ń Tọ́jú Rẹ̀: Ẹrù Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ènìyàn ní aláìlágbára, tí Ó fún un ní agbára, tí Ó sì tún dá a padà sí àìlágbára pẹ̀lú ewú lórí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ti fi ogójì ọdún ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Bí ó bá fi ọwọ́ kan aṣọ, ó ti mọ̀ bóyá ẹlẹ́kọ ni tàbí oníko, ó sì mọ̀ bóyá aró rẹ̀ dì í mú dáadáa. Díẹ̀díẹ̀, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi owó kà. Ó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tán, ó sì tún ń bá a jà pé kò tíì san. Nígbà tí ó yá, ó jáde ní òru, ó ní òun ń lọ sí ilé bàbá òun, ilé tí ó ti wó láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń pe ọmọ tí ó bí ní ìyá rẹ̀. Ó fi ẹ̀sùn olè kan ìyàwó ọmọ rẹ̀, ẹni tí ń wẹ̀ fún un, tí ń fọ aṣọ tí ó bá tọ̀ sí.

Ọmọ márùn-ún ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ bí. Ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, méjì wà ní ìlú Ọba. Ìyàwó ẹnì karùn-ún ni gbogbo rẹ̀ já lé lórí. Bí ó bá sunkún, wọn a ní kí ó ṣe sùúrù, láádá rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Bí ó bá jágbe mọ́ ìyá, wọn a ní kò ní ìwà. Ìbéèrè òní nìyí: bí ọwọ́ obìnrin yẹn bá yọ ní ọjọ́ kan tí ó rẹ̀ ẹ́, tí ó gbá ìyá létí, ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé òun nìkan ni, àbí gbogbo ẹni tí ó fi ẹrù náà sílẹ̀ fún un?

ARÁN KÌ Í ṢE ÀJẸ́

Yorùbá ti mọ àìsàn yìí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Arán ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é ní dìmẹ́ńṣíà. Ọpọlọ ni ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìrántí ọ̀rọ̀ àná ni ó kọ́kọ́ ń lọ, nígbà tí ti ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì dúró digbí. Lẹ́yìn náà ni òye ọjọ́, ojú ọ̀nà, owó àti orúkọ ènìyàn yóò máa tẹ̀lé e lọ. Ohun tí ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni àìsàn Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906 pè. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ náà máa ń fa irú kan.

Nínú Súrà Nahl (16) ẹsẹ 70 àti Súrà Hajj (22) ẹsẹ 5, Ọlọ́hun jẹ́ kí ó yé ẹ̀dá pé àwọn kan ń bẹ tí Òun yóò dá padà sí ìgbà tí ó rẹlẹ̀ jùlọ nínú ọjọ́ orí, débi pé wọn kò ní mọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ́ onímọ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá a máa wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi irú ogbó bẹ́ẹ̀ nínú àdúà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ti gbà á wá. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: Ọlọ́hun kò sọ pé àjẹ́ ni ó fà á. Kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni náà dá ní èwe ni ó ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ìyá arúgbó tí ń dá sọ̀rọ̀ lóru kì í ṣe àjẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó sì ń sọ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Àlùfáà tí ó bá gba owó láti na irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́gba, pé òun ń lé áńjọ̀nnú, ó ti ṣe àbòsí sí ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rí tún wà nítòsí. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ṣe aṣíwájú wọn, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín àwọn tí ó ti pé ọdún 65 ní àdúgbò Ìdíkàn, Ìbàdàn. Àgbà 2,494 ni wọ́n yẹ̀ wò. Àbọ̀ tí ó jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé nínú 100 wọn, bí ẹni 2 ni ó ní arán. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé nílé ara wọn ní Indianapolis, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 nínú 100. Bí wọ́n bá ka àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ọn, ó ju 8 lọ. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, Yorùbá náà ń ní àìsàn yìí. Èkejì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà ni ó dàgbà dàgbà tí kò ṣarán. Ogbó lọ́tọ̀, arán lọ́tọ̀. Aláìsàn ni ẹni tí ó bá ń ṣarán.

Aláìsàn ni a sì ń gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Àìsàn ìtọ̀, oògùn tí wọ́n ṣì lò, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ lè mú kí àgbà ṣe bí ẹni tí ń ṣarán, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn wọ̀nyí ní oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé "ogbó ni" kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé ìwòsàn Aro ń bẹ ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ń bẹ ní Ìdí-Àbà. Ní UCH Ìbàdàn, láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú kan tí ó jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan.

KÁLÀMÙ TI KÚRÒ LÓRÍ RẸ̀

Nínú hádíìsì tí gbogbo onímọ̀ mọ̀, Ànábì sọ pé wọ́n ti gbé kálàmù kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ títí yóò fi padà. Bàbá tí arán ti gba làákàyè rẹ̀ wà lára ẹni kẹta yìí.

Kí ni èyí túmọ̀ sí nínú ilé? Bàbá ṣe àlùwàlá fún Alásàrì, ó kírun, ó gbàgbé, ó sì tún dìde láti ṣe àlùwàlá mìíràn. Ọmọ kígbe pé, "Bàbá, ẹ ti kírun!" Bàbá bínú, nítorí lójú tirẹ̀, ọmọ ń dá a lẹ́kun ìsìn Ọlọ́hun. Ariwo sọ, àwọn ará ilé pé jọ. Kí ni wọ́n ń jà sí? Ìrun tí ó kí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò pa ẹnikẹ́ni lára, èyí tí ó sì gbàgbé kò di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹ gbé omi fún un, ẹ tẹ́ ẹní fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ tí ó bí, tí ó sì ṣì ń ka Fátíhà láìṣìṣe. Ohun tí Ọlọ́hun ṣẹ́ kù sí i lọ́kàn nìyẹn. Kí ẹ̀dá má ṣe fi ariwo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

TA NI "ṢÍỌ̀" KÀN?

Nínú Súrà Isrá' (17) ẹsẹ 23 àti 24, Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí òbí bá dé ogbó lọ́dọ̀ ọmọ, kí ọmọ má ṣe sọ èyí tí ó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ ìríra sí i. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní "ṣíọ̀". Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹsẹ yìí, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń kà á sí ẹlòmíràn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọ ni Ọlọ́hun bá wí. Kì í ṣe ìyàwó ọmọ. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì ni ó sọ pé títọ́jú òbí ọkọ kì í ṣe ọ̀ranyàn lórí ìyàwó. Bí ó bá ṣe é, oore ńlá ni ó ṣe. Nígbà náà, ẹ̀tọ́ wo ni ọmọ tí kò wẹ̀ fún ìyá rẹ̀ rí lọ́dún ní, láti máa bá aya arákùnrin rẹ̀ wí? Láádá kì í ṣe pàṣán tí wọ́n fi ń na ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ rere.

Tí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ gan-an ni ń tọ́jú, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni òun náà. Ẹni tí kò bá sùn fún òru mẹ́wàá yóò sọ "ṣíọ̀" ní òru kọkànlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ alálùkùráánì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àṣẹ Ọlọ́hun yìí ṣẹ nínú ilé, kí ó kọ́kọ́ wá ìsinmi fún ẹni tí ń pa á mọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ànábì Músá, tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀, kò tijú láti sọ pé òun nìkan kò lè dá a ṣe. Nínú Súrà Tóhà (20), ó bẹ Ọlọ́hun kí Ó fi Hárúnà arákùnrin rẹ̀ ṣe olùrànlọ́wọ́ fún un, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè le. Ọlọ́hun kò pè é ní ọ̀lẹ. Ó fún un ní ohun tí ó bèèrè. Nítorí náà, olùtọ́jú tí ó bá sọ pé "ó ti rẹ̀ mí", ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dínkù.

Àwọn onímọ̀ pín ọ̀ranyàn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà lórí olúkúlùkù, bí ìrun wákàtí márààrún. Èkejì ni fárílà kífáyà, èyí tí ó wà lórí gbogbo àwùjọ: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn ìyókù, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo wọn ni ó jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀. Wíwẹ òkú àti kíkírun sí i lára wà nínú rẹ̀. Òkú Mùsùlùmí kan kò tíì sùn ní Ìtòkú kí ó má rí ẹni wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó ń jáde láti jókòó ti alààyè? Tí ìyá bá kú, aṣọ ẹbí yóò jáde, wọ́n yóò pa màlúù, fídáù yóò kún fọ́fọ́, kálukú yóò sì máa sọ bí ìyá ti ṣe dára tó. Nínú ọdún mẹ́rin tí ìyá fi ṣarán, ta ni nínú wọn ni ó gba òru kan ṣoṣo lọ́wọ́ obìnrin tí ń tọ́jú rẹ̀? Ẹni tí ó bá ka àbójútó òkú sí ọ̀ranyàn àwùjọ, tí ó sì ka àbójútó alààyè sí wàhálà ẹni kan, ó ti yí ẹ̀sìn dà sódì.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ARO KỌ́ AYÉ

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ìmọ̀ yìí ti wá. Ní ọdún 1954, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, nínú ilé àwọn àgbẹ̀. Àdéhùn kan wà níbẹ̀: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa bá a gbé, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà sì ń lọ káàkiri inú abúlé náà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1961, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ètò yìí. Lámbò fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé kí ó tó kú ní ọdún 2004.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Lámbò kò sọ pé kí ìbátan gbé aláìsàn rẹ̀ lọ kí ó lọ dá a tọ́jú. Kò sì sọ pé kí ìbátan gbé e jù sílẹ̀ fún ìjọba kí ó máa lọ. Ìbátan ń tọ́jú, nọ́ọ̀sì ń kọ́ ìbátan, abúlé sì ń gba àwọn méjèèjì mọ́ra. Mẹ́ta ni okùn náà.

ÌJÓKÒÓ TÍ Ń TA ỌPỌLỌ JÍ

Ànábì pàṣẹ fún àwọn sàhábà kí wọ́n máa wá ìwòsàn, ó ní Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsí oògùn rẹ̀, àfi ẹyọ kan, èyí tí í ṣe ogbó. Abu Dawud àti Tirmidhi ni ó gbà á wá. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń lé àìsàn Alzheimer lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní oògùn lè ní ìtọ́jú.

Ní ọdún 2003, Aimee Spector, Martin Orrell, Bob Woods àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Ọba gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí àgbà 201 tí ó ní arán. Wọ́n mú àwọn kan jókòó ní àwùjọ kéékèèké, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 7, ìṣẹ́jú 45 ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ìjókòó 14 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ìyókù ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n parí, ìrántí àwọn tí ó jókòó pọ̀ dára ju ti àwọn ìyókù lọ, àwọn fúnra wọn sì sọ pé ìgbé ayé àwọn sunwọ̀n sí i. Arán kò lọ, ṣùgbọ́n ó sún díẹ̀. Ní ọdún 2006, àjọ tí ń gba àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nímọ̀ràn níbẹ̀ fi ọwọ́ sí irú ìjókòó yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Àwọn àgbà márùn-ún sí mẹ́jọ yóò jókòó yí po. Wọ́n ti fúnra wọn sọ àwùjọ wọn lórúkọ. Wọn a kọ orin kan tí gbogbo wọn mọ̀, wọn a sọ ọjọ́ òní, oṣù tí a wà, bí ojú ọjọ́ ti rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà: oúnjẹ, owó, ìgbà èwe, eré, ìró ohùn, tàbí ìròyìn ìlú. Òfin tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ìdánwò níbẹ̀. Wọn kì í bi àgbà pé, "Kí ni orúkọ èyí?" Wọn a bi í pé, "Èwo ni ó wù yín nínú méjèèjì, kí ló sì dé?" Ẹni tí ó ti gbàgbé yóò tijú nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe nínú ìdáhùn ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí ó wá sí Ìtòkú. Ní ọjọ́ ọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n kó tọ́rọ́, sísì àti ṣílè àtijọ́ sílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ná kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1973. Kí olúkúlùkù sọ ohun tí òun ń fi ṣílè kan rà. Ní ọjọ́ oúnjẹ, kí wọ́n gbé ìrẹsì Ọ̀fadà àti láfún wá, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ní ọjọ́ àdìrẹ, ẹ kó aṣọ sí ìyá yẹn lọ́wọ́, kí ẹ wò ó bí ìka rẹ̀ yóò ṣe rántí ohun tí ẹnu rẹ̀ ti gbàgbé. Ní ọjọ́ ìgbà èwe, ẹ gbé wàláà ilé-kéú síwájú àwọn bàbá. Àlọ́ àpamọ̀ ń bẹ, ọpọ́n ayò ń bẹ.

Ní Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn láti Tanzania àti ìlú Ọba tún ìjókòó yìí ṣe kí ó bá àwọn àgbà tí kò kàwé mu, wọ́n sì ṣe ìjókòó 14 náà pẹ̀lú àwọn obìnrin àgbà níbẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Àwùjọ kékeré ni, ṣùgbọ́n ìrántí àwọn ìyá náà sunwọ̀n sí i, ẹrù àwọn tí ń tọ́jú wọn nílé sì fúyẹ́ díẹ̀.

ẸNI TÍ YÓÒ DARÍ RẸ̀ NÍLÒ Ọ̀WỌ̀N

Ìjókòó yìí kò nílò dókítà láti darí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ tí ń wẹ̀ fún arúgbó, ọ̀dọ́ tí ó ní sùúrù lè ṣe é bí wọ́n bá kọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti máa ń bàjẹ́. Wọn a kọ́ òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ méjì, wọn a fún un ní ìwé, wọn a sì ní ó ti parí. Òṣìṣẹ́ padà dé ẹnu iṣẹ́, ó tún ń gbálẹ̀, ó ń dáná, ó ń pààrọ̀ aṣọ, kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìjókòó ti kú.

Kí ó má baà kú, nǹkan mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ wà. Èkíní, kí ẹni tí ń kọ́ ọ rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe é lójú rẹ̀, kí òun náà ṣe é lójú ẹni náà. Èkejì, kí wọ́n jẹ́ méjì: ọ̀kan ń darí, èkejì ń mójú tó ẹni tí ó bá dìde. Ẹ̀kẹta, kí àkókò ìjókòó jẹ́ àkókò ìjókòó nìkan, kí ẹlòmíràn bá wọn ṣe iṣẹ́ ìyókù. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó ní ìmọ̀ máa wá wò wọ́n lóòrèkóòrè, kí ó gbọ́ ohun tí ó le fún wọn, kí ó sì yìn wọ́n.

ÀÁRÓ LÍSÀBÍ

Ọmọ Ẹ̀gbá ni ó yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àáró, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan, ni Lísàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n fi bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ohun tí ó gba Ẹ̀gbá là nígbà náà lè gba olùtọ́jú là lónìí.

Ilé-kéú wà lófìfo ní ọ̀sán ọjọ́ púpọ̀. Kí jámáà kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí Ìyá Àdínì yan obìnrin mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yan mẹ́rin. Kí wọ́n bẹ àwọn nọ́ọ̀sì Mùsùlùmí tí ń ṣiṣẹ́ ní Aro tàbí Ìdí-Àbà láti kọ́ wọn, kí ó sì jẹ́ pé lóṣooṣù ni nọ́ọ̀sì yóò máa padà wá. Kí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ mú àgbà wá láti ilé, kí wọ́n sì mú wọn padà. Ní wákàtí yẹn, kí olùtọ́jú sùn, kí ó lọ sí ọjà, kí ó kírun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti ìlú Ọba, kí wọ́n sanwó fún ẹni tí yóò gba òru méjì lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá ni ó ń tọ́jú arúgbó òyìnbó fún owó oṣù ní ìlú Ọba, tí wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Bí wọ́n bá wá sílé, kí wọ́n má ṣe mú ẹ̀bùn nìkan wá. Kí wọ́n kọ́ àwọn ará ilé ní ohun tí wọ́n mọ̀. Bí owó fídáù kan bá dín sí ìdajì, yóò tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Kò sí ẹni tí ó mọ ìparí ara rẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ bá ń kọ́ lónìí láti fi di àgbà mú ni ọwọ́ tí àwọn ọmọ yín yóò wò kọ́ṣe. Tí ẹ bá kúrò níhìn-ín, ẹ má ṣe béèrè pé àgbà wo ni ó ń ṣarán ní àdúgbò; ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ẹ béèrè ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé, òru wo ni kí àwọn bá a gbà.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òbí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kẹ́ ọmọ ní kékeré. Kí Ó fún àwọn tí ń tọ́jú ní agbára àti olùrànlọ́wọ́. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí làákàyè ẹnikẹ́ni nínú jámáà yìí lọ kí ẹ̀mí tó lọ. Bí Ó bá sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ó fi ẹni rere sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmín.